Orí Keje: Fífi Òróró Kún Oúnjẹ Màlúù Oníwàrà àti Bí Ó Ṣe Kan Dídà Oúnjẹ nínú Ṣàkì

Ète ẹ̀kọ́

Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ka orí yìí tán, ó yẹ kí ó lè:

1. ṣàlàyé ipò ṣàkì láàárín àpò mẹ́rin tí ó wà nínú màlúù, àti iṣẹ́ tí àwọn kòkòrò àìfojúrí inú rẹ̀ ń ṣe;
2. fi ìyàtọ̀ hàn láàárín ọ̀rá kíkún àti ọ̀rá àìkún, kí ó sì dárúkọ àwọn òróró tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti pọ̀;
3. to àwọn ìgbésẹ̀ tí òróró ń gbà yí padà nínú ṣàkì lẹ́sẹẹsẹ;
4. sọ ìdí tí òróró tó pọ̀ jù fi ń dí dídà fáíbà lọ́wọ́;
5. ṣàlàyé ohun tí ń mú kí ọ̀rá inú wàrà dínkù;
6. ṣírò ìwọ̀n òróró tí a lè fi kún oúnjẹ màlúù láì pa ṣàkì rẹ̀ lára.

7.1 Ìfáàrà

Màlúù tí ń mú wàrà púpọ̀ jáde nílò agbára ju èyí tí koríko nìkan lè pèsè lọ, pàápàá láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí ó bímọ, nígbà tí wàrà rẹ̀ ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́ ṣùgbọ́n tí ìwọ̀n oúnjẹ tí ó lè jẹ kò tíì bá a dọ́gba. Bí agbára tí ń wọlé kò bá tó èyí tí ń jáde, ọ̀rá ara rẹ̀ ni màlúù náà yóò máa yọ́ lò; yóò rù, yóò sì pẹ́ kí ó tó tún lóyún. Ọ̀nà kan tí àwọn olùsìn ń gbà dí àlàfo yìí ni fífi òróró kún oúnjẹ rẹ̀, nítorí pé gíráàmù ọ̀rá kan ní agbára tí ó tó kilokálórì 9.4, nígbà tí gíráàmù sítáàṣì kan kò ní ju nǹkan bí kilokálórì 4.2 lọ. Àǹfààní mìíràn tún wà ní ilẹ̀ olóoru: ooru tí ara màlúù ń mú jáde nígbà tí ó bá ń lo ọ̀rá kéré sí èyí tí ó ń mú jáde nígbà tí ó bá ń lo fáíbà, èyí sì ń ràn án lọ́wọ́ nígbà tí oòrùn bá mú.

Síbẹ̀, òróró tí màlúù bá jẹ kì í lọ tààrà sínú ìfun. Ó ní láti kọ́kọ́ gba ọwọ́ ẹgbàágbèje kòkòrò àìfojúrí tí ń gbé inú ṣàkì, àwọn kòkòrò yìí ló sì ń da koríko fún màlúù. Nítorí náà, ìwọ̀n tí àwọn kòkòrò náà lè gbà ni ó gbọ́dọ̀ pinnu ìwọ̀n òróró tí a ó fún màlúù. Èyí ni ìlànà tí gbogbo orí yìí dúró lé.

7.2 Ṣàkì àti àwọn tí ń gbé inú rẹ̀

Màlúù, àgùntàn àti ewúrẹ́ jẹ́ ẹran ajàpọ̀jẹ, èyíinì ni ẹran tí ń gbé oúnjẹ mì láì rún un kúnná, tí ó sì ń pọ̀ ọ́ padà sẹ́nu lẹ́yìn náà láti rún un dáadáa. Àpò mẹ́rin ni ó wà nínú wọn: ṣàkì, àpò afárá, àpò oníwèé, àti àpò ìdàkan, tí ó jẹ́ ìkẹrin, níbi tí ásíìdì líle ti ń da oúnjẹ bí ó ti ń ṣe nínú ikùn ènìyàn. Ṣàkì ni ó tóbi jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nínú màlúù ńlá tí ó ti dàgbà, ó lè gbà ju lítà 100 lọ.

Inú ṣàkì máa ń gbóná tó nǹkan bí 39 °C, kò sí ọ́síjìn níbẹ̀, ìwọ̀n pH rẹ̀ sì sábà máa ń wà láàárín 5.8 sí 6.8. Ìwọ̀n pH ni a fi ń mọ bí omi kan ṣe kan tó: bí iye rẹ̀ bá ṣe ń wálẹ̀ ni kíkan náà ṣe ń le sí i. Nínú ibi tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ tí kò sì ní ọ́síjìn yìí, bakitéríà tí ó wà nínú mìlílítà omi ṣàkì kan ṣoṣo lé ní bílíọ̀nù 10. Àwọn mìíràn tí ń bá wọn gbé ibẹ̀ ni protosóà, tí ó tóbi ju bakitéríà lọ fíìfíì, fọ́ńgáì, àti àkíà, tí ń ṣe gáàsì mẹ́tẹ́nì.

Iṣẹ́ tí àwọn kòkòrò wọ̀nyí ń ṣe ni à ń pè ní ìmúkan. Bí àgbàdo tí a rẹ sómi ṣe ń kan kí ó tó di ògì, bẹ́ẹ̀ ni koríko ń kan nínú ṣàkì, tí ó sì ń di ásíìdì ọ̀rá kúkúrú. Mẹ́ta ló ṣe pàtàkì jù nínú àwọn ásíìdì náà: ásítéètì, própíónéètì àti bútíréètì. Bí oúnjẹ màlúù bá jẹ́ koríko fún apá tó pọ̀ jù, ásítéètì máa ń tó nǹkan bí ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ásíìdì wọ̀nyí, própíónéètì ìdá 20, bútíréètì ìdá 15. Láti ara wọn ni màlúù ti ń rí nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún agbára tí ó ń lò. Ọmú ń fi ásítéètì àti bútíréètì ṣe ọ̀rá inú wàrà, ẹ̀dọ̀ sì ń sọ própíónéètì di ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, èyí tí ọmú ń lò láti fi ṣe ṣúgà inú wàrà.

Fáíbà ni apá ara koríko tí ó le, tí ń mú kí igi rẹ̀ dúró ṣánṣán. Ènìyàn kò lè dà á, màlúù fúnra rẹ̀ kò sì lè dà á. Àwọn kòkòrò inú ṣàkì ló ni iṣẹ́ náà, pàápàá bakitéríà *Fibrobacter succinogenes*, *Ruminococcus albus* àti *Ruminococcus flavefaciens*. Nígbàkígbà tí ohun kan bá dí àwọn wọ̀nyí lọ́wọ́, koríko tí màlúù jẹ yóò gba inú rẹ̀ kọjá láì ṣe é ní àǹfààní tó yẹ.

7.3 Irú òróró àti ohun tí ó wà nínú wọn

Koríko àti ọkà pàápàá ní ọ̀rá díẹ̀ nínú. Nínú oúnjẹ màlúù tí a kò fi òróró kún, ọ̀rá sábà máa ń jẹ́ ìdá 2 sí 4 nínú ọgọ́rùn-ún ohun gbígbẹ, èyíinì ni ohun tí ó kù nínú oúnjẹ nígbà tí a bá ti yọ gbogbo omi inú rẹ̀ kúrò. Ìwọ̀n ohun gbígbẹ ni a máa ń fi ṣírò oúnjẹ ẹran, nítorí pé omi inú koríko tútù àti ti koríko gbígbẹ kò dọ́gba rárá.

Òróró jẹ́ àkójọ ásíìdì ọ̀rá, tí mẹ́ta mẹ́ta wọn so mọ́ glísẹ́rọ́ọ̀lù kan. Ásíìdì ọ̀rá kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹ̀wọ̀n átọ́ọ̀mù kábọ́ọ̀nù tí ó so kọ́ra, tí háídírójìn sì so mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí gbogbo àyè tí háídírójìn lè dì mú bá ti kún, ọ̀rá kíkún ni. Ó sábà máa ń dì bí ibi tí ó wà bá tutù. Bí àyè bá ṣẹ́ kù, kábọ́ọ̀nù méjì yóò di ara wọn mú lẹ́ẹ̀mejì, èyí tí à ń pè ní ìdè onílọ̀ọ́po méjì, ọ̀rá náà yóò sì jẹ́ ọ̀rá àìkún. Ó sábà máa ń ṣàn. Ásíìdì ólíìkì ní irú ìdè bẹ́ẹ̀ kan, lìnóléíìkì ní méjì, lìnólẹ́níìkì ní mẹ́ta. Lọ́ríìkì, pálmítíìkì àti stíáríìkì kò ní ìkankan. Ọ̀rá kíkún ni wọ́n.

Àtẹ 7.1 fi ìdá tí ásíìdì kọ̀ọ̀kan jẹ́ nínú ọgọ́rùn-ún hàn nínú àwọn òróró kan. Iye wọ̀nyí jẹ́ èyí tó súnmọ́, nítorí pé irú ọ̀gbìn àti ilẹ̀ tí ó ti hù lè yí wọn padà díẹ̀.

Àtẹ 7.1: Ásíìdì ọ̀rá inú àwọn òróró kan (%)

| Òróró | Lọ́ríìkì | Pálmítíìkì | Ólíìkì | Lìnóléíìkì | Lìnólẹ́níìkì |
|---|---|---|---|---|---|
| Epo pupa | kò tó 1 | 44 | 39 | 10 | kò tó 1 |
| Àdín (òróró èkùrọ́) | 48 | 8 | 15 | 2 | kò sí |
| Òróró ẹ̀pà | kò sí | 10 | 48 | 30 | kò tó 1 |
| Òróró sóyà | kò sí | 11 | 23 | 53 | 8 |
| Òróró lìnsíìdì | kò sí | 6 | 19 | 15 | 54 |

Àtẹ yìí fi hàn pé epo pupa àti àdín, tí wọ́n ti ara èso kan náà jáde, yàtọ̀ síra púpọ̀. Nǹkan bí ìdajì epo pupa ni ọ̀rá kíkún, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì jẹ́ pálmítíìkì. Lọ́ríìkì ló pọ̀ jù nínú àdín, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò gùn tó ti pálmítíìkì, ó sì máa ń le mọ́ protosóà. Ìyàtọ̀ wọ̀nyí ló fà á tí ìwọ̀n kan náà òróró méjì kì í fi ṣe iṣẹ́ kan náà nínú ṣàkì.

7.4 Bí òróró ṣe ń yí padà nínú ṣàkì

7.4.1 Ìtú-ọ̀rá. Ìgbésẹ̀ kìíní ni ìtú-ọ̀rá, èyíinì ni jíjá àwọn ásíìdì ọ̀rá kúrò lára glísẹ́rọ́ọ̀lù. Ẹ́ńsáìmù tí bakitéríà bí i *Anaerovibrio lipolytica* ń tú jáde ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Glísẹ́rọ́ọ̀lù tí ó bọ́ sílẹ̀ yóò kan, apá tó pọ̀ nínú rẹ̀ yóò sì di própíónéètì. Àwọn ásíìdì ọ̀rá yóò wà ní òmìnira nínú omi ṣàkì. Ẹ̀yìn ìgbésẹ̀ yìí ni òróró tó lè pa àwọn kòkòrò lára, nítorí pé ásíìdì tí ó ti bọ́ lára glísẹ́rọ́ọ̀lù ló ń wọ awọ ara bakitéríà.

7.4.2 Ìfi-háídírójìn-kún. Ásíìdì àìkún jẹ́ májèlé fún ọ̀pọ̀ bakitéríà inú ṣàkì. Láti dá ara wọn sí, àwọn kan nínú wọn máa ń fi háídírójìn dí àyè tí ó ṣẹ́ kù lára àwọn ásíìdì náà títí tí wọn yóò fi kún. Èyí ni à ń pè ní ìfi-háídírójìn-kún. Ní ọdún 1951 ni Raymond Reiser fi hàn pé lìnólẹ́níìkì tí a bá dà pọ̀ mọ́ omi ṣàkì àgùntàn máa ń pàdánù àwọn ìdè onílọ̀ọ́po méjì rẹ̀.

Ọ̀nà tí lìnóléíìkì ń gbà kọjá nígbà tí ara ṣàkì bá dá ṣáṣá nìyí:

(a) Bakitéríà bí i *Butyrivibrio fibrisolvens* yóò kọ́kọ́ ṣí ìdè kan nípò, ásíìdì náà yóò sì di cis-9, trans-11, tí à ń pè ní ásíìdì rúméníìkì.
(b) Háídírójìn yóò dí àyè kan, ohun tí ó kù yóò sì di trans-11, tí à ń pè ní ásíìdì fásẹ́níìkì.
(c) Àyè tí ó kẹ́yìn yóò dí, yóò sì di stíáríìkì, tí ó jẹ́ ọ̀rá kíkún. *Butyrivibrio proteoclasticus* wà lára àwọn bakitéríà díẹ̀ tí ó lè parí iṣẹ́ yìí.

Nínú àwọn orúkọ wọ̀nyí, nọ́ńbà ń tọ́ka sí kábọ́ọ̀nù tí ìdè náà ti bẹ̀rẹ̀. Cis túmọ̀ sí pé háídírójìn méjì tí ó wà níbi ìdè náà wà ní ẹ̀gbẹ́ kan náà, trans sì túmọ̀ sí pé wọ́n wà ní òdìkejì ara wọn.

Nínú lìnóléíìkì tí màlúù jẹ, nǹkan bí ìdá 70 sí 95 nínú ọgọ́rùn-ún ló máa ń yí padà kí ó tó jáde kúrò nínú ṣàkì. Ti lìnólẹ́níìkì sábà máa ń ju ìdá 85 lọ. Ìdí nìyí tí ọ̀rá màlúù fi máa ń dì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rá àìkún ló pọ̀ jù nínú koríko tí ó ń jẹ.

7.4.3 Gbígbà sínú ara. Àwọn kòkòrò inú ṣàkì kì í fi ásíìdì ọ̀rá gígùn ṣe agbára, ògiri ṣàkì kì í sì í gbà á sínú ẹ̀jẹ̀ lọ títí. Ara fáíbà àti ara àwọn bakitéríà ni ó máa ń lẹ̀ mọ́ títí yóò fi dé ìfun kékeré, níbi tí òróòro yóò ti yọ́ ọ kí ara tó gbà á.

7.5 Òróró àti dídà fáíbà

Bí òróró tí kò ní ààbò (wo 7.8) bá pọ̀ jù nínú oúnjẹ, fáíbà kì í dà dáadáa mọ́. Nínú àwọn ìwádìí kan, òróró tí kò tó ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún oúnjẹ ti dín dídà fáíbà nínú ṣàkì kù dé ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀nà mẹ́ta pàtàkì ni èyí ń gbà ṣẹlẹ̀.

(i) *Bíbo ara fáíbà.* Bakitéríà gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ ara fáíbà kí ẹ́ńsáìmù rẹ̀ tó lè ṣiṣẹ́. Bí a bá wo ègé èèsún kan nínú ṣàkì tí òróró pọ̀ nínú rẹ̀, a ó rí i pé ìpele ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ti bo ojú rẹ̀, débi pé bakitéríà tí ó bá fẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn kò rí ojú ibi tí yóò dì mú.

(ii) *Pípa àwọn kòkòrò lára.* Ásíìdì àìkún ń ba awọ ara bakitéríà jẹ́, ohun tí ó yẹ kí ó wà nínú rẹ̀ yóò sì máa jò síta. Àwọn tí ń da fáíbà wà lára àwọn tí èyí ń tètè pa lára, protosóà náà kò sì lè fara dà á.

(iii) *Gbígba kálísíọ̀mù lọ́wọ́ wọn.* Ásíìdì ọ̀rá máa ń so pọ̀ mọ́ kálísíọ̀mù àti magnẹ́síọ̀mù, wọn yóò sì di irú ọṣẹ kan tí kì í yòrò nínú omi ṣàkì. Ọṣẹ yìí ń dín ìpalára ásíìdì náà kù, ṣùgbọ́n ó ń jẹ lára àwọn èròjà tí àwọn kòkòrò àti màlúù fúnra rẹ̀ nílò.

Àbájáde rẹ̀ ni pé ásítéètì yóò dínkù, própíónéètì yóò sì pọ̀ sí i ní ìfiwéra. Oúnjẹ yóò pẹ́ nínú ṣàkì, màlúù yóò tètè yó, yóò sì jẹun dínkù. Agbára tí olùsìn rò pé òun fi kún un lè tipa bẹ́ẹ̀ ṣòfò, nítorí pé ohun tí òróró mú wá lè kéré sí ohun tí koríko tí kò dà mú lọ.

7.6 Òróró àti ọ̀rá inú wàrà

Ọ̀nà méjì ni ọmú ń gbà rí ọ̀rá tí ó ń fi sínú wàrà. Nǹkan bí ìdajì ni ó ń fi ásítéètì àti bútíréètì ṣe fúnra rẹ̀. Ìyókù ni ó ń gbà láti inú ẹ̀jẹ̀, èyí tí ó wá láti inú oúnjẹ àti láti ara màlúù. Ó yẹ kí òróró tí a fi kún oúnjẹ mú ọ̀rá inú wàrà pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n nígbà mìíràn òdìkejì gan-an ni ó máa ń ṣẹlẹ̀: wàrà kì í dínkù, ṣùgbọ́n ọ̀rá inú rẹ̀ a já wálẹ̀. Èyí ni ìjáwálẹ̀ ọ̀rá wàrà.

Ní àtijọ́, èrò tó gbajúmọ̀ ni pé àìtó ásítéètì ló ń fà á, ṣùgbọ́n fífi ásítéètì kún un kò tó láti tún nǹkan ṣe. Iṣẹ́ Dale Bauman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Cornell, ní ìpínlẹ̀ New York ní Amẹ́ríkà, ló fi ojú ọ̀nà mìíràn hàn. Bí ọkà bá pọ̀ jù, tí fáíbà kéré, tí pH ṣàkì sì já wálẹ̀, àwọn bakitéríà tí ń ṣe ìfi-háídírójìn-kún yóò yí ọ̀nà padà: dípò trans-11, trans-10 ni wọn yóò máa ṣe. Lára ohun tí ń jáde ní ọ̀nà tuntun yìí ni ásíìdì trans-10, cis-12. Ní ọdún 2000, wọ́n gbé ìwádìí kan jáde nínú èyí tí wọ́n ti rọ gíráàmù 10 ásíìdì yìí lójúmọ́ sínú àpò ìdàkan màlúù, kí ó má bàa kọjá ní ṣàkì. Láàárín ọjọ́ 4, ìdá tí ọ̀rá jẹ́ nínú wàrà wọn fi ju ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún dínkù. Nígbà tí wọ́n rọ ìwọ̀n kan náà cis-9, trans-11, ọ̀rá wàrà kò yí padà. Ìwádìí yìí jẹ́rìí sí i pé trans-10, cis-12 ń dín ṣíṣe ọ̀rá nínú ọmú kù.

Láti inú èyí, ohun mẹ́ta ló ń kóra jọ fa ìjáwálẹ̀ náà: òróró àìkún tó pọ̀, fáíbà tí kò tó, àti ṣàkì tí ó kan jù. Òróró sóyà tí kò ṣe màlúù tí ń jẹ koríko dáadáa ní nǹkan kan lè já ọ̀rá wàrà màlúù tí ọkà pọ̀ jù nínú oúnjẹ rẹ̀ wálẹ̀.

Purotéènì inú wàrà náà sábà máa ń dínkù díẹ̀ bí a bá fi òróró kún oúnjẹ. Èyí kan àwọn tí ń fi wàrà ṣe wàràkàṣì, bí àwọn obìnrin Fúlàní tí ń fi omi ewé bòmubòmu mú wàrà dì, nítorí pé purotéènì àti ọ̀rá ló pọ̀ jù nínú ohun tí ń dì yìí. Bí àwọn méjèèjì bá dínkù, ìwọ̀n wàrà kan náà kò ní mú wàràkàṣì tó ti tẹ́lẹ̀ jáde.

7.7 Òróró àti gáàsì mẹ́tẹ́nì

Ìmúkan máa ń tú háídírójìn sílẹ̀. Àwọn àkíà yóò so ó pọ̀ mọ́ kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì, wọn yóò sì sọ ọ́ di mẹ́tẹ́nì, gáàsì tí màlúù ń gùfẹ̀ rẹ̀ jáde. Ìdá 2 sí 12 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo agbára inú oúnjẹ ló ń bá gáàsì yìí lọ, gáàsì náà sì wà lára àwọn tí ń mú kí ayé máa gbóná sí i.

Òróró ń dín mẹ́tẹ́nì kù nítorí pé òun fúnra rẹ̀ kì í kan, ó ń dín protosóà tí ń fún àkíà ní háídírójìn kù, ìfi-háídírójìn-kún sì ń gba díẹ̀ nínú háídírójìn náà. Ní ìpíndọ́gba, bí òróró bá fi ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i nínú ohun gbígbẹ, mẹ́tẹ́nì máa ń fi nǹkan bí ìdá 3 sí 5 dínkù. Àdín àti òróró àgbọn lágbára gan-an lórí èyí nítorí lọ́ríìkì inú wọn, ṣùgbọ́n wọ́n tún máa ń dín ìfẹ́ màlúù sí oúnjẹ kù. Apá kan ìdínkù mẹ́tẹ́nì tún ń wá láti inú fáíbà tí kò dà, èyí kò sì jẹ́ èrè fún ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, a kò gbọ́dọ̀ wo ìdínkù gáàsì láì wo wàrà àti dídà oúnjẹ pẹ̀lú.

7.8 Ọ̀nà tí a ń gbà dáàbò bo ṣàkì

7.8.1 Lílo irúgbìn lódidi. Bí a bá fún màlúù ní irúgbìn òwú lódidi tàbí ẹ̀wà sóyà tí a yan, èèpo rẹ̀ yóò mú kí òróró inú rẹ̀ máa jáde díẹ̀díẹ̀, èyí sì ń fún àwọn kòkòrò láyè láti ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Irúgbìn òwú tún ní fáíbà lára. Ó ní májèlé kan tí à ń pè ní gọ́sípọ́ọ̀lù, nítorí náà kò yẹ fún ọmọ màlúù tí ṣàkì rẹ̀ kò tíì gbó.

7.8.2 Ọ̀rá onísọ̀pọ̀ kálísíọ̀mù. Ní àwọn ọdún 1980, Donald Palmquist àti Thomas Jenkins ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ohio ṣe iṣẹ́ pàtàkì lórí síso ásíìdì ọ̀rá pọ̀ mọ́ kálísíọ̀mù kí a tó fún màlúù jẹ. Ọ̀rá tí a ṣe báyìí kì í fi bẹ́ẹ̀ yòrò nínú ṣàkì níwọ̀n ìgbà tí pH rẹ̀ bá wà ní nǹkan bí 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí ó bá dé àpò ìdàkan, tí pH rẹ̀ kéré gan-an, kálísíọ̀mù yóò já kúrò, ọ̀rá yóò sì kọjá lọ sínú ìfun. Ásíìdì ọ̀rá tí a rí lára epo ọ̀pẹ ni a fi ń ṣe èyí tó wọ́pọ̀ jù lọ́jà. Àbùkù rẹ̀ ni pé owó rẹ̀ ju ti òróró lásán lọ, ààbò rẹ̀ sì ń dínkù bí ṣàkì bá kan jù.

7.9 Ìṣirò àti ìlò rẹ̀ ní oko

Òfin gbogbogbòò méjì ni a ń tẹ̀ lé. Èkíní, gbogbo ọ̀rá inú oúnjẹ, pẹ̀lú èyí tí ó ti wà nínú koríko àti ọkà, kò gbọ́dọ̀ ju ìdá 6 sí 7 nínú ọgọ́rùn-ún ohun gbígbẹ lọ. Èkejì, òróró tí kò ní ààbò tí a fi kún un kò gbọ́dọ̀ ju ìdá 2 sí 3 lọ.

*Àpẹẹrẹ.* Màlúù kan ń jẹ kìlógíráàmù 12 ohun gbígbẹ lójúmọ́, ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀rá. Olùsìn fẹ́ yọ gíráàmù 240 ẹ̀gẹ́ gbígbẹ kúrò, kí ó sì fi gíráàmù 240 òróró sóyà rọ́pò rẹ̀.

Ọ̀rá tí ó wà tẹ́lẹ̀: 12,000 × 3 ÷ 100 = gíráàmù 360.
Ọ̀rá lẹ́yìn ìrọ́pò: 360 + 240 = gíráàmù 600 (ọ̀rá inú ẹ̀gẹ́ kéré débi pé a lè fò ó).
Ìdá rẹ̀ nínú oúnjẹ: 600 ÷ 12,000 × 100 = 5%.
Agbára inú òróró náà: 240 × 9.4 = kilokálórì 2,256.
Agbára inú ẹ̀gẹ́ tí a yọ, bí a bá kà á sí sítáàṣì: 240 × 4.2 = kilokálórì 1,008.
Èrè agbára: 2,256 − 1,008 = kilokálórì 1,248.

Òróró tí a fi kún un jẹ́ ìdá 2, gbogbo ọ̀rá sì jẹ́ ìdá 5. Ìwọ̀n náà kò rú òfin kankan. Bí olùsìn bá fi gíráàmù 600 rọ́pò, gbogbo ọ̀rá yóò di gíráàmù 960, èyíinì ni ìdá 8, tí ó ti kọjá ààlà. Agbára tí a ṣírò yìí jẹ́ gbogbo agbára inú òróró. Ara kì í gba gbogbo rẹ̀ tán.

Bí a bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó yẹ kí òróró mọ́ àwọn kòkòrò inú ṣàkì lára díẹ̀díẹ̀. Fún àpẹẹrẹ òkè yìí, a lè fún màlúù ní gíráàmù 80 lójúmọ́ ní ọ̀sẹ̀ kìíní, 160 ní ọ̀sẹ̀ kejì, àti 240 ní ọ̀sẹ̀ kẹta. A ó máa da òróró náà díẹ̀díẹ̀ sórí eèrí àgbàdo, a ó sì máa fi ọwọ́ pò ó títí tí kò fi ní sí ìṣù kankan nínú rẹ̀, tí gbogbo eèrí náà yóò máa dán lọ́gbọọgba láì lẹ̀ pọ̀. A ó pín in sí àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, koríko gbọ́dọ̀ wà níwájú màlúù ní gbogbo ìgbà, a ó sì fi kálísíọ̀mù àti magnẹ́síọ̀mù kún oúnjẹ náà. Òróró tí ó ti ń rùn kò yẹ fún màlúù. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀pà tàbí kùlíkùlí tí ó ti bu, nítorí pé májèlé áfílátọ́ksìn inú rẹ̀ lè ti ara màlúù bọ́ sínú wàrà tí ènìyàn ń mu.

Àwọn àmì tí ó ń fi hàn pé òróró ti pọ̀ jù ni pé màlúù ń jẹun dínkù, kò jàpọ̀jẹ bíi ti tẹ́lẹ̀, ègé koríko gígùn tí kò dà ń hàn nínú ìgbẹ́ rẹ̀, ọ̀rá inú wàrà rẹ̀ sì ń já wálẹ̀. Bí a bá rí wọn, òróró ni a ó kọ́kọ́ dínkù, koríko ni a ó sì fi kún un.

7.10 Àkótán

1. Àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ṣàkì ló ń da fáíbà fún màlúù, wọ́n sì ń sọ ọ́ di ásíìdì ọ̀rá kúkúrú.
2. Agbára inú ọ̀rá ju ìlọ́po méjì agbára inú sítáàṣì lọ ní ìwọ̀n kan náà.
3. Nínú ṣàkì, òróró ń gba ìtú-ọ̀rá àti ìfi-háídírójìn-kún kọjá, ọ̀pọ̀ ọ̀rá àìkún sì ń di ọ̀rá kíkún.
4. Òróró tó pọ̀ jù ń bo ara fáíbà, ó ń pa àwọn kòkòrò lára, ó sì ń gba kálísíọ̀mù lọ́wọ́ wọn.
5. Bí fáíbà bá kéré tí ṣàkì sì kan jù, òróró àìkún lè di trans-10, cis-12, tí ń já ọ̀rá wàrà wálẹ̀.
6. Òróró ń dín mẹ́tẹ́nì kù, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ wo dídà oúnjẹ àti wàrà pẹ̀lú rẹ̀.
7. Gbogbo ọ̀rá inú oúnjẹ kò gbọ́dọ̀ ju ìdá 6 sí 7 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, òróró tí kò ní ààbò kò sì gbọ́dọ̀ ju ìdá 2 sí 3 lọ.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Ṣàlàyé àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí pẹ̀lú àpẹẹrẹ kọ̀ọ̀kan: (a) ìmúkan, (b) ọ̀rá àìkún, (d) ìtú-ọ̀rá, (e) ohun gbígbẹ.
2. To ìgbésẹ̀ tí lìnóléíìkì ń gbà di stíáríìkì nínú ṣàkì lẹ́sẹẹsẹ, kí o sì dárúkọ bakitéríà méjì tí ó kópa níbẹ̀.
3. Dárúkọ ọ̀nà mẹ́ta tí òróró ń gbà dí dídà fáíbà lọ́wọ́, kí o sì ṣàlàyé ọ̀kan lẹ́kùn-ún rẹ́rẹ́.
4. Lo Àtẹ 7.1 láti sọ èyí tí ó lè tètè fa ìjáwálẹ̀ ọ̀rá wàrà láàárín epo pupa àti òróró sóyà, bí ọkà bá pọ̀ nínú oúnjẹ màlúù. Kí ni ìdí rẹ̀?
5. Màlúù kan ń jẹ kìlógíráàmù 15 ohun gbígbẹ lójúmọ́, ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀rá. Olùsìn fẹ́ fi gíráàmù 450 òróró ẹ̀pà rọ́pò ìwọ̀n kan náà ẹ̀gẹ́ gbígbẹ. (a) Ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ni gbogbo ọ̀rá yóò jẹ́? (b) Ṣé ó bá òfin méjèèjì inú 7.9 mu? (d) Kilokálórì mélòó ni èrè agbára rẹ̀?
6. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ kan tí olùsìn kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi òróró kún oúnjẹ, ó sì rí i pé wàrà kò dínkù ṣùgbọ́n ọ̀rá inú rẹ̀ ti já wálẹ̀. Kọ ìbéèrè mẹ́ta tí ó yẹ kí a bi í nípa oúnjẹ màlúù náà, kí o sì sọ ìdí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi ṣe pàtàkì.
7. Iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe: Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kó ìgbẹ́ màlúù tí ń jẹ koríko nìkan àti ti èyí tí ń jẹ koríko pẹ̀lú ọkà, kí wọ́n fi omi fọ ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí asẹ́, kí wọ́n sì fi gígùn àti ìwọ̀n ègé fáíbà tí ó ṣẹ́ kù wéra.